Ọkọ̀ Ojú Irin Òṣogbo Ń Kọjá Nínú Yàrá Mi Ní Doncaster

Ojú irin ìṣeré tó wọ́pọ̀ jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mìlímítà 16.5 ni àlàfo tó wà láàárín irin rẹ̀ méjèèjì. OO ni wọ́n ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù yòówù kí ẹ wọ̀ tí wọ́n ti ń ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ nawọ́ rẹ̀ sí yín. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nípa rẹ̀ ni pé kò bá ọkọ̀ ojú irin àwọn òyìnbó fúnra wọn mu. Tiwa ló bá mu: ti Òṣogbo, ti Ọ̀fà, ti Làfẹ́nwá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí mò ń kọ́ ibùdókọ̀ ojú irin Òṣogbo ní kékeré sínú yàrá mi, orí ìṣirò kékeré yìí sì ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ojú irin gidi tó gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì já, mìlímítà 1,435 ni ìbú rẹ̀. Ọkọ̀ gidi sì fi ìlọ́po 76 ó lé díẹ̀ tóbi ju ọkọ̀ OO lọ. Ẹ sọ 16.5 di ìlọ́po yẹn, nǹkan bí 1,257 lẹ máa bá. Sẹ̀ǹtímítà bíi 18 ló ti di àwátì. Kí ló fà á? Ní àwọn ọdún 1920 àti 1930, nígbà tí wọ́n ń wá bí ọkọ̀ ojú irin ṣe máa gba orí tábìlì, mọ́tò oníná tó wà lóde kò kéré tó. Ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kò sì sanra tó ti Jámánì tàbí ti Amẹ́ríkà, torí pé afárá wọn rẹlẹ̀, ihò tí wọ́n gbẹ́ gba abẹ́ òkè sì há. Mọ́tò kò wọ inú rẹ̀. Ni wọ́n bá mú ara ọkọ̀ tóbi sí i, wọ́n fi ojú irin sílẹ̀ bó ṣe wà. Nígbà tí mọ́tò kéékèèké fi máa dé, OO ti kún ilé gbogbo èèyàn, kò sẹ́ni tó fẹ́ da tiẹ̀ nù.

Ẹ wá wo tiwa. Nígbà tí ìjọba amúnisìn ń la ojú irin láti Ìddó lọ sí Ìbàdàn, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àbọ̀ ni wọ́n fún un, ìyẹn mìlímítà 1,067. Ojú irin tóóró kì í náni lówó tó fífẹ̀, ó sì rọrùn láti fi yípo òkè dípò kéèyàn máa wó òkè lulẹ̀. Ọdún 1901 ni wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn, ó dé Òṣogbo ní 1907, nígbà tó sì di 1912, èèyàn lè wọkọ̀ láti Èkó títí dé Kánò. Ẹ pín 1,067 sí ọ̀nà 64. Ohun tó máa fún yín ni 16.67. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìyẹn àti 16.5 kò tó ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà. Ojú lásán ò lè rí i. Ìyẹn ni pé bí mo bá dín Òṣogbo kù ní ìlọ́po 64, ojú irin tí àwọn ọmọ òyìnbó fi ń ṣeré ni mo máa tẹ́ síbẹ̀, á sì bá a mu wẹ́kú.

Àwọn ará New Zealand ti mọ̀ tipẹ́, torí 1,067 ni tiwọn náà. Wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ pàápàá: Sn3½. Ẹnu bàbá arúgbó kan ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ náà, níbi ìpàtẹ kan tí àwọn tó ń kọ́ ọkọ̀ ojú irin kéékèèké ṣe nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti múra sílẹ̀ pé bí mo bá ní ti Nàìjíríà ni mo fẹ́ ṣe, wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á sì yí ọ̀rọ̀ padà. Bàbá yìí kàn bi mí pé, “Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àbọ̀ ni, àbí?” Wọ́n fa pẹ́ńsù yọ lápò, wọ́n ṣírò ó sẹ́yìn ìwé ìpolongo ìpàtẹ náà, wọ́n nà án sí mi. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè tábìlì iṣẹ́ mi.

Màmá mi ò rí ohun tó ń dùn mọ́ mi nínú gbogbo èyí. Orí fóònù ni wọ́n ti bi mí pé, “Àbẹ̀kẹ́, ṣé kí o lè máa wo ọkọ̀ ojú irin la ṣe ta ilẹ̀ kó o tó dé ọ̀hún? Èrè wo ló wà níbẹ̀?” Mi ò bá wọn wí. Ẹni tó fi òwò aṣọ tọ́ ọmọ, ojú èrè ló fi ń wo gbogbo nǹkan. Ṣùgbọ́n mo ní àbúrò ọkùnrin kan tí kì í jẹun alẹ́ bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù òyìnbó kan bá fìdí rẹmi, ẹgbẹ́ tí kò tíì fẹsẹ̀ tẹ pápá wọn rí. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè èrè. Bàbá tó bí mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, lè wà nídìí ọpọ́n ayò láti ìgbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú, àwọn tó dúró lé ọ̀ta àti ọ̀pè lórí á sì pọ̀ ju àwọn tó ń ta á lọ. Ìwòran náà, eré ni.

Ìwòran ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, nílé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Bí mo bá jáde láàárọ̀, oorun kì í tètè kùn mí, ibùdókọ̀ ojú irin Doncaster sì wà lójú ọ̀nà ilé. Mo máa ń ra tíì, mo máa ń jókòó sí ìpẹ̀kun pèpéle, níbi tí èrò kì í dé. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé mi ò dá wà níbẹ̀.

Ìlú yìí kì í ṣe ibi ṣákálá fún irú wa. Níbí ni wọ́n ti kọ́ Flying Scotsman, ẹ́ńjìnnì olókìkí, ní 1923. Níbí náà ni wọ́n ti kọ́ Mallard, ẹ́ńjìnnì eléèédú (irú tí èédú ń hó omi inú rẹ̀ kí ooru omi lè tì í) tó sá eré kìlómítà 203 ní wákàtí kan ní ọjọ́ 3 oṣù Keje, 1938, tí eléèédú kankan ò tíì gba oyè náà lọ́wọ́ rẹ̀ títí dòní. York ló wà báyìí, nílé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ ojú irin. Pèpéle kan tilẹ̀ wà ní Doncaster tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ òdo. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ ní 2016, dípò kí wọ́n tún gbogbo yòókù kà, òdo ni wọ́n fún un. Inú mi máa ń dùn sí irú ìwà ọ̀lẹ tó mọ́gbọ́n dání bẹ́ẹ̀.

Àwọn tí mo bá lórí pèpéle, nọ́ńbà ni ọ̀pọ̀ wọn ń kọ. Ìwà náà ti pẹ́, ṣùgbọ́n 1942 ló di ohun tí ọmọdé káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ian Allan ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì Southern Railway ní Waterloo, lẹ́tà àwọn tó ń béèrè ọ̀rọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì sì ti sú u. Ló bá kó nọ́ńbà gbogbo ẹ́ńjìnnì ilé iṣẹ́ náà sínú ìwé pélébé kan. Àwọn ọmọ ń rà á, wọ́n ń fa ìlà sábẹ́ nọ́ńbà èyí tí wọ́n bá ti fojú ara wọn rí. Nígbà tó di 1944, àwọn ọmọ kan ní Tamworth ti sọ ọ́ di wàhálà, wọ́n ń wọ inú ojú irin lọ. Allan bá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún wọn, ọmọ tó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ ṣèlérí pé òun ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ìgbà náà ló di bàbá arúgbó tí mò ń bá ní ìpàtẹ.

Èmi kì í kọ nọ́ńbà. Bí mo bá ti ń kọ ọ́, mi ò ní rí ọkọ̀ náà mọ́, ìwé ni mo máa máa wò. Ohun tó ń mú mi jókòó ni bí nǹkan ṣe ń tẹ̀lé ara wọn. Iná sígínà á kọ́kọ́ kúrò ní pupa. Irin á bẹ̀rẹ̀ sí kọrin, ohùn tín-ín-rín kan báyìí, kí ọkọ̀ tó yọ rárá. Azuma, ọkọ̀ èrò ìgbàlódé, á wọlé, imú rẹ̀ gùn, ó mọ́ tónítóní. Ọkọ̀ tó lè sá kìlómítà 200 ní wákàtí kan ni, ṣùgbọ́n mi ò lè purọ́, gbogbo wọn jọra jù fún mi. Ọkọ̀ ẹrù ni tèmi. Èyí tó ń ti èbúté Felixstowe bọ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹténà, tí ẹ́ńjìnnì Class 66 ń fà, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n kọ́ ní Kánádà tí wọ́n sì kó gba orí òkun wá. Ohùn rẹ̀ máa ń gbọn àyà, kò dùn létí, ó sì ń rọra ń bọ̀ bí ẹni tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Mo máa ń ka orúkọ tó wà lára kọ̀ǹténà bí wọ́n ṣe ń kọjá. Àwọn orúkọ kan náà ló wà lára èyí tó tò jọ ní Apápá.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń bi èèyàn níbẹ̀: “Kí ló ti kọjá?” Ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti máa ń bi mí pé “Níbo lo ti wá gan-an?”, ẹ ò lè mọ bí ìbéèrè yẹn ṣe tù mí lára tó.

Ṣùgbọ́n èèyàn ò lè fi ọwọ́ ṣe nǹkan kan nínú ìwòran. Ọwọ́ mi ń yún mi. Mo ra ojú irin OO díẹ̀, mo ra pákó pẹlẹbẹ, mo ní Òṣogbo ni mo máa kọ́: pèpéle, ilé ibùdókọ̀, ojú irin tó kọjá níwájú rẹ̀ àti èyí tó yà sí ẹ̀gbẹ́ fún ọkọ̀ ẹrù. Ojúlé wa kò jìnnà sí Station Road. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ fàkà-fìkì, fàkà-fìkì yẹn, tí àwa ọmọdé máa ń sáré jáde lọ juwọ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá yọrí lójú fèrèsé. Nígbà tí mo wá gbé páálí kalẹ̀ tí mo fẹ́ gé ògiri àkọ́kọ́, ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. Òpó mélòó ló gbé òrùlé iwájú? Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì máa ń ṣí síta ni tàbí sínú? Ìwọ̀n wo ni pèpéle fi ga ju ilẹ̀ lọ? Ọ̀dà wo ló wà lára fèrèsé? Kéèyàn tó lè fi páálí kọ́ nǹkan, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ kò nílò láti mọ̀. Mo rò pé ohun tí mò ń jẹ nínú eré yìí nìyẹn, bí Màmá bá fẹ́ mọ èrè.

Mo pe Bàbá Àgbà. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ni wọ́n, gáàdì ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n sì jẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Mo rò pé ìbéèrè nípa òpó ni mo máa béèrè. Wọn ò dáhùn ìyẹn rárá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ka ibùdókọ̀ láti Ìbàdàn, bí ẹni ń ki ìdílé: Làlúpọn, Ìwó, Ẹdẹ, Òṣogbo, Ìkirun, Òkukù, Ọ̀fà, Ìlọrin, títí dé Jẹ́bà tí afárá ti sọdá Ọya. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé, “Ṣé o ti fi lántàn sẹ́yìn rẹ̀?”

Mo ní, “Lántàn wo, sà?”

“Lántàn pupa! Lẹ́yìn wágọ́nù tó kẹ́yìn pátápátá. Ọkọ̀ lè já sí méjì lójú ọ̀nà, kí dírẹ́bà má mọ̀. Ẹni tó wà nídìí sígínà, iwájú ọkọ̀ kọ́ ló ń wò, ìrù ló ń wò. Bí ó bá rí lántàn, ó mọ̀ pé ọkọ̀ pé. Bí kò bá rí i, kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ mìíràn tẹ̀lé e. Ìwọ ọmọ yìí, bí o bá ṣe ọkọ̀ tí kò ní lántàn nídìí, ọkọ̀ tó já lo ṣe.”

Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe ilé ni mò ń kọ́, iṣẹ́ ni. Wọ́n ṣàlàyé fún mi bí ọkọ̀ méjì ṣe ń lo ojú irin kan ṣoṣo láìforí sọ ara wọn: ohun àmúlọ́wọ́ kan wà fún ojú irin tó wà láàárín ibùdókọ̀ méjì, dírẹ́bà tí kò bá sì gbà á lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ ṣí kúrò. Torí náà, ọkọ̀ tó ń lọ Jẹ́bà máa ń dúró de èyí tó ń bọ̀ wá Èkó, níbi tí ojú irin bá ti di méjì. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ọkọ̀ máa ń pẹ́ ní Òṣogbo torí pé nǹkan wa ò lọ déédéé. Ìdúró wà nínú ètò rẹ̀. (Ìyẹn ò sọ pé kì í pẹ́ o. Bàbá Àgbà fúnra wọn gbà pé ó máa ń pẹ́.) Bí ọ̀rọ̀ bá sì ti kan Michael Imoudu, aṣáájú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, báyìí, ẹ gbé fóònù sílẹ̀ kẹ́ ẹ lọ gbé oúnjẹ kaná. Ọmọ ọwọ́ ni Bàbá Àgbà nígbà tí Imoudu dé láti ìgbèkùn rẹ̀ ní Auchi ní oṣù Kẹfà 1945, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì daṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tó ju oṣù kan lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ẹ máa rò pé àwọn ni wọ́n fọn fèrè.

Ìgbà tí mo fi fọ́tò iṣẹ́ mi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní ó dára. Wọ́n ní, “Ṣùgbọ́n sítéṣọ̀n tó ti kú lo kọ́ yìí. Níbo lo kó àwọn ẹlẹ́ẹ̀kọ sí?”

Òótọ́ ni. Òyìnbó tó ń kọ́ ibùdókọ̀ kékeré lè fi èèyàn bíi mẹ́rin síbẹ̀, kí ọ̀kan máa ka ìwé ìròyìn, ó ti tán. Òṣogbo kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ga ní mítà 1.7, mìlímítà 27 ló máa jẹ́ nínú ayé tèmi, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta obìnrin tó ró ìró ní ìwọ̀n yẹn. Ohun tí wọ́n ń tà ni ọmọ ogun, fún àwọn tó ń fi ogun àtijọ́ ṣeré lórí tábìlì. Mìlímítà 28 ni tiwọn, ó sún mọ́ ọn tó. Mo ra ọmọ ogun Napoleon. Mo gé ìbọn kúrò, mo fá fìlà gíga náà kúrò lórí, mo fi pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ihò wé gèlè fún un. Ìró rẹ̀, pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń wé ẹ̀bùn ni: mo rì í sínú gọ́ọ̀mù tí mo ti bomi là, mo fi abẹ́rẹ́ tì í mọ́ ìdí rẹ̀ kó tó gbẹ, kó lè ní ìṣẹ́po. Àtẹ tó wà lórí rẹ̀ ló gbà mí lọ́kàn jù. Ẹ mọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ihò sí bébà kí wọ́n tó fi í sínú fáìlì? Róbótó pépà tó máa ń já bọ́ nínú rẹ̀, mìlímítà 6 ni. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 64, sẹ̀ǹtímítà 38 ni, ìwọ̀n àtẹ ẹlẹ́mọ̀ínmọ́ín gẹ́lẹ́. Mo to ẹ̀kán ọ̀dà aláwọ̀ ewé lé e lórí kéékèèké, mọ́ínmọ́ín dé. Bí ẹ bá wo ẹsẹ̀ ìyá náà dáadáa, bàtà ológun ló wọ̀. Mi ò tíì rí ọgbọ́n tí mo lè dá sí ìyẹn.

Ilẹ̀ náà fẹ́ sọ mí di wèrè. Ilẹ̀ pupa ni mo fẹ́, kì í ṣe eérú tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá fún ojú irin ilẹ̀ òtútù. Màmá ní àwọn á bu ilẹ̀ ránṣẹ́ sí mi nínú ike, àfi kí n bẹ̀ wọ́n. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba kéèyàn kó ilẹ̀ Nàìjíríà wọlé, nítorí kòkòrò àti àrùn irúgbìn. Yanrìn kíkúnná ni mo sẹ̀ nínú ìbọ̀sẹ̀ obìnrin, mo po ọ̀dà lẹ́búlẹ́bú mọ́ ọn, pupa pẹ̀lú ìyeyè díẹ̀, títí ó fi jọ ti fọ́tò. Mo fi búrọ́ṣì rọ̀ ọ́ sáàárín irin, mo wá ń kán gọ́ọ̀mù olómi sí i. Kí gọ́ọ̀mù náà má bàa dúró sójú kan bí ìrì, èèyàn á kán ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ sínú rẹ̀, á sì wọlé wẹ́rẹ́ láìtú yanrìn ká. Àwọn pákó àgbélẹ̀ tó wà lábẹ́ ojú irin OO kò jọ tiwa náà. Nílé, irin pẹlẹbẹ tí etí rẹ̀ tẹ̀ wọlẹ̀ ni mo mọ̀ lábẹ́ ojú irin, ikán kì í jẹ ìyẹn. Mo ń fi páálí ṣe wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ náà ò tán, mi ò sì kánjú.

Ẹ́ńjìnnì wá jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Kò sẹ́ni tó ń tà ti Nàìjíríà. Èyí tó wù mí ni River Class, ẹ́ńjìnnì eléèédú tí wọ́n kó wá fún wa láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, tí wọ́n sì ń fi orúkọ odò sọ: wíìlì kéékèèké méjì níwájú, ńlá mẹ́jọ láàárín, kéékèèké méjì lẹ́yìn. Àwọn ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà fẹ́ràn rẹ̀ débi pé orí rẹ̀ ni wọ́n gbé Class 29 tiwọn lé, ọ̀kan nínú ìyẹn sì wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ ojú irin ní Nairobi, torí náà fọ́tò rẹ̀ ò ṣòro rí. Mo ra ẹ́ńjìnnì ìṣeré Amẹ́ríkà tí wíìlì rẹ̀ tò bẹ́ẹ̀, mo ṣí ara rẹ̀ kúrò, ìsàlẹ̀ àti mọ́tò nìkan ni mo fi sílẹ̀. Ara tuntun ni mò ń fi ike pẹlẹbẹ kọ́ lé e. Ó ń rìn báyìí láìní orí. Ó burẹ́wà, ṣùgbọ́n ó ń rìn.

Bí mo bá wálé, mo máa ń lọ wo ọkọ̀ náà. Ẹ má ya fọ́tò lójú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ní ibùdókọ̀ kan tí mi ò ní dárúkọ, ọkùnrin aláṣọ iṣẹ́ kan bi mí pé, “Màdáámù, ta ló rán yín?” Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi, ọkọ̀ ni mo fẹ́ràn. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó pe ọ̀gá rẹ̀ wá. Ọ̀gá náà gbọ́ tẹnu mi, ó ní kò burú, àmọ́ kí n pa fọ́tò wọ̀nyẹn rẹ́. Àwọn fọ́tò ìsàlẹ̀ wágọ́nù ni, ohun tí kò lè fi ẹnikẹ́ni sínú ewu. Mo pa wọ́n rẹ́. Ó ṣì ń dùn mí.

Fún ẹni tó wà nílé tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwòran, àsìkò yìí dára ju ti ìgbà kékeré mi lọ. Láti oṣù Kẹfà 2021 ni ọkọ̀ ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn lórí ojú irin tuntun, kìlómítà 157, mìlímítà 1,435 ni ìyẹn. Blue Line, ọkọ̀ ojú irin oníná mànàmáná ti ìlú Èkó, ti ń gbé èrò láti Marina sí Mile 2 láti oṣù Kẹsàn-án 2023, apá kan ọ̀nà rẹ̀ gba orí afárá, ẹni tó bá jókòó lójú fèrèsé á rí ọ̀sà. Ṣùgbọ́n Red Line, èkejì rẹ̀ ní Èkó, lẹ́ni tó fẹ́ràn ìtàn ọkọ̀ yẹ kó lọ wò. Ọkọ̀ méjì tí ilé iṣẹ́ Talgo kọ́, tí ìjọba Èkó rà fún un ní 2022, ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n kọ́ wọn, ní 2009. Gómìnà tuntun gorí oyè níbẹ̀, ó kọ owó tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ fi la ojú irin náà, àwọn ọkọ̀ wá jókòó fún ọ̀pọ̀ ọdún láìgbé èrò kankan níbẹ̀. Òwò ìlú òkèèrè, Agége ló ti rí oníbàárà. Fún ohun àtijọ́ ní tirẹ̀, ẹ wá àyè lọ sí Jaekel House, nínú ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀bútéẹ̀mẹ́tà. Ilé ọdún 1898 ni, Legacy, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ilé àtijọ́, ló tún un ṣe, ó sì kún fún fọ́tò àti ohun èlò tí mo lè fi gbogbo ọjọ́ wò.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ti kékeré náà kò nílò owó tabua. Páálí bíṣíkíìtì, gọ́ọ̀mù àti abẹ, ó ti tó fún ilé. Ọ̀pọ̀ mọ́tò onírin kéékèèké tí wọ́n ń tà fún ọmọdé lọ́jà, ìlọ́po bíi 64 ni wọ́n fi dín in kù. Ẹ ti ní ọkọ̀ táksí tí yóò dúró níwájú ibùdókọ̀ nìyẹn.

Ohun tó kù fún mi láti yàn báyìí ni ọdún. Bàbá Àgbà fẹ́ kí n ṣe ti ìgbà eléèédú, ní kété lẹ́yìn òmìnira, torí ìgbà yẹn ni wọ́n wọṣẹ́. Èmi rò pé mo fẹ́ ìgbà tí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì àti eléèédú jọ wà, kí n lè lo méjèèjì. Ọ̀rọ̀ táǹkì omi ló máa yanjú rẹ̀. Eléèédú gbọ́dọ̀ mumi, torí náà táǹkì gíga kan ní láti wà níbì kan ní Òṣogbo. Bàbá Àgbà ní apá Ìkirun ló wà. Ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní irọ́ ni, apá Ẹdẹ ni, wọ́n sì ti torí ẹ̀ bínú síra wọn díẹ̀. Nítorí náà mo bẹ ẹ̀yin tí òbí yín bá gbé nítòsí Station Road: ẹ bá mi ṣí álíbọ́ọ̀mù ilé. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lọ ya fọ́tò lórí pèpéle yẹn nígbà ọdún, tàbí nígbà tí wọ́n bá ń sin ẹni tó ń lọ òkè Ọya. Kì í ṣe àwọn tó dúró níwájú ni mo fẹ́ rí, ẹ̀yìn wọn ni kẹ́ ẹ bá mi wò: táǹkì, òpó, ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Bí ẹ bá rí ọ̀kan tí táǹkì hàn nínú rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi apá ibi tí oòrùn wà lọ́jọ́ náà.